Ìdí Tí Mo Fi Padà Sẹ́yìn Nígbà Tó Kàn Mí Láti Fò

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà. Mo kúnlẹ̀ kí yín, kì í sì í ṣe ìkúnlẹ̀ orí ìwé lásán o: orúnkún ọ̀tún ti wú, ti òsì nìkan ni mo fi kúnlẹ̀, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀. Káyọ̀dé, àbúrò mi, mo kí ọ, ìwọ tó o máa ka lẹ́tà yìí sí Màámi létí. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìgàndò, mo kí gbogbo aláṣọ funfun ìjọ wa, mo sì kí Bàbá Onítẹlifíṣọ̀n tí gbogbo àdúgbò máa ń ya bo pálọ̀ wọn bí eré bá ń lọ lọ́wọ́.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ sílé láti ọdún mẹ́ta tí mo ti kúrò. Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá tó ń bá mi mú wọn wá sọ fún mi pé ọwọ́ méjèèjì lẹ máa ń fi gbà á, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn, ẹ ó bu omi fún wọn mu, lẹ́yìn náà ẹ ó ki lẹ́tà bọ abẹ́ Bíbélì láìṣí i. Ẹ tún ní kí Káyọ̀dé má fọwọ́ kàn án. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn kò ní ẹ́ńfílọ́ọ̀pù tí ẹ máa fi sílẹ̀ láìya. Bí ẹ̀yin ò bá tiẹ̀ fẹ́ gbọ́, ẹnìkan ní Ìgàndò á kà á sókè.

Àti pé gbogbo ènìyàn ló ń bi mí léèrè ohun tí mò ń ṣe lọ́jọ́ ìdíje fífò sókè, lórí pápá, nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi láti fò tí mo yíjú padà. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ̀yin ni mo jẹ ní àlàyé, ẹ̀yin ni màá ṣe é fún. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kó gbọ́ mọ́ ọn.

Ìdúró ni mo fi ń kọ ọ́. Látọjọ́ tí ìdíje náà ti parí, mi ò lè jókòó pẹ́. Bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Bí mo bá dìde, màá lọ sójú fèrèsé, màá padà sẹ́nu ọ̀nà, màá tún lọ. Obìnrin tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ ti gun òkè wá lẹ́ẹ̀mejì láti bi mí pé kí ni mò ń wá tí mi ò rí. Láti kékeré lẹ ti ń sọ pé ara mi kì í balẹ̀, pé ṣe ni mò ń ṣe bí ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ. Màámi, ti àsìkò yìí ju ti èèrà lọ.

Iṣẹ́ ṣì ń lọ. Láàárọ̀ mo máa ń wà nílé ìfọṣọ kan tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì, bó bá di ọ̀sán mo gba pápá lọ. Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́, àwa là ń ká a. Èmi àti obìnrin kan ará Pólándì la jọ máa ń di etí aṣọ mú, èmi níhìn-ín, òun lọ́hùn-ún, a ó rìn pàdé ara wa láàárín, a ó tún yà. Funfun ni gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ míì wà tí màá gbàgbé ara mi, tí màá rò pé sùtánà yín ni mo gbé dání, tí màá máa wá ibi tí àmùrè rẹ̀ wà. Obìnrin náà á máa wò mí. Owó ibẹ̀ ń gbọ́ bùkátà, mi ò ní ráhùn.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn la wà yìí, àmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn wọn ò mú ẹnikẹ́ni làágùn. Oòrùn á yọ, á mọ́lẹ̀ rekete, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá bọ́ sábẹ́ òjìji báyìí, òtútù á gbá a mú. Wọn kì í sì í kí ènìyàn. Mo lè wà níta láti àárọ̀ dọ́jọ́ rọ̀ kí n má gbọ́ ẹ kú kan ṣoṣo. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo kí bàbá àgbàlagbà kan nínú ọkọ̀ ojú irin, mo sọ ọ́ ní èdè wọn pé wọ́n kú ìjókòó. Bàbá náà dìde fùú, wọ́n gbé àyè wọn fún mi. Ojú tì mí débi pé mo jókòó síbẹ̀ títí ọkọ̀ fi gbé mi kọjá ibi tí mò ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ síbi tí ọ̀rọ̀ wà, torí mo mọ̀ pé mò ń sá fún un.

Ẹ rántí ọdún tí Bàámi ń kọ́ ilé. Ní Ìgàndò ìgbà yẹn, ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí pọ̀ ju èyí tí ènìyàn ń gbé lọ, ojoojúmọ́ ni típà ń já yanrìn sílẹ̀ níbì kan. Òkìtì yanrìn iwájú ilé wa ló kọ́ mi ní fífò, kì í ṣe kóòṣì kankan. Èmi àti àwọn ọmọ àdúgbò á ta okùn, a ó so ìdí kan mọ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, Káyọ̀dé á di ìdí kejì mú nítorí òun ló kéré jù, kò lè bá wa fò ó. A ó sáré, a ó fò, a ó balẹ̀ sínú yanrìn. Bí okùn ṣe ń gòkè ni àwọn yòókù ń rẹ̀yìn, títí tó fi ku èmi nìkan. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Ẹsẹ̀ yín ni mo jogún, ẹsẹ̀ gbọọrọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan okùn náà já. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Bàámi lọ ra sìmẹ́ńtì ní Ìkòtún. Mo to búlọ́ọ̀kù lérí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì yanrìn, mo ní kí Káyọ̀dé gùn ún kó sì sùn gbalaja sórí rẹ̀, pé òun ni yóò jẹ́ okùn mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ ò lè mọ bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó pé wọ́n fún òun ní iṣẹ́ tó ju okùn dídìmú lọ. Ó di ojú rẹ̀ pinpin. Mo sáré, mo fò ó kọjá, mo balẹ̀ sínú yanrìn. Bí mo ṣe gbójú sókè, ẹ̀yin ni mo rí nínú sùtánà, láìwọ bàtà, Bíbélì lábẹ́ apá.

Ẹ ò lù mí. Ẹ kàn pariwo pé kí n padà, kí n gba ibi tí mo gbà kọjá padà kíákíá, ṣé mi ò mọ̀ pé wọn kì í dá ènìyàn kọjá ni, àbí mo fẹ́ kí àbúrò mi wà ní gíga tó wà yẹn títí ayé ni. Mo mọ̀. Gbogbo ọmọ Ìgàndò ló mọ òfin yẹn: ẹni tí a bá fẹsẹ̀ dá kọjá kò ní ga mọ́, àyàfi tí a bá padà dá a kọjá sẹ́yìn. Bí a bá ń ṣeré tí ẹnìkan ṣèèṣì dá ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kọjá, ẹkún lonítọ̀hún á sun lé e lórí títí yóò fi padà.

Mo fẹ́ padà. Àmọ́ inú yanrìn ni mo dúró sí, yanrìn kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ẹsẹ̀ ta, òkúta ló sì wà lódìkejì níbi tí màá balẹ̀ sí. Ẹ̀rù bà mí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo lè ní kí Káyọ̀dé sọ̀kalẹ̀ kó sùn sílẹ̀, kí n rìn kọjá lórí rẹ̀, kò gba ìṣẹ́jú kan. Agídí ni ò jẹ́. Ojú ń tì mí láti fi ìrìn kọjá lórí ohun tí mo ti fi fífò kọjá. Ẹnìkan pè yín lójú títì, ẹ sì lọ dá a lóhùn. Nígbà tí ẹ padà dé, mo ti fa Káyọ̀dé sọ̀kalẹ̀. Ẹ bi mí bóyá mo ti padà, mo ní mo ti padà. Ẹ bi òun náà, ó ní mo ti padà. Gúgúrú àti ẹ̀pà tí mo tọ́jú pamọ́ ni mo fi bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mọ bó ṣe lọ. Ẹ máa ń fi èédú sàmì gíga wa sára férémù ilẹ̀kùn bí ọdún bá ti yí. Tèmi ń lọ sókè bí ìgbín tó ń gun igi, kò yára, kò sì dúró. Ti Káyọ̀dé dúró gbagidi sójú kan. Ó pé mẹ́rìnlá, ó pé mẹ́rìndínlógún, èédú lórí èédú. Ẹ mú un lọ fún àdúrà ọjọ́ méje, ẹ tan àbẹ́là, ẹ fi omi àdúrà wẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo máa ń gbé ike omi tẹ̀ lé yín. Mò ń ṣe àmín sí àdúrà tí mo mọ ohun tó dí i lọ́nà, mi ò sì lanu jẹ́wọ́. Ó yẹ kí ẹnìkan rántí pé Bàámi fúnra wọn, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, kì í mú kọ́kọ́rọ́ lórí férémù ilẹ̀kùn láìgun àpótí. Mo sọ ìyẹn fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà. Kò tù mí nínú.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ wá sí ìlú yìí lẹnu mi wá là. Báàgì ti wà nílẹ̀, gààrí ti wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí, ẹ ń sọ fún Ọlọ́run pé ọmọ tí kì í purọ́ fún yín ni mí, kó má jẹ́ kí n kàbùkù lájò. Mi ò lè gba àdúrà yẹn, Màámi. Mo yọ orí mi lábẹ́ ọwọ́ yín, mo ní mi ò padà lọ́jọ́ yẹn, pé irọ́ ni mo pa. Ẹ wò mí. Ẹ wọ yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn. Káyọ̀dé ló gbé báàgì mi sórí dé ibi tí mo ti wọkọ̀. Ó ní kí n má kà á sí jàre, pé inú Màámi á rọ̀ ṣá, pé gíga kọ́ ni òun télọ̀ ń wá, ẹni tó ga kì í tètè rí abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo sunkún.

Ní ti ìdíje náà: obìnrin tó wá fò pọ̀, láti orílẹ̀-èdè kárí ayé. Wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ́ wa kù sí méjìlá, mo wà níbẹ̀, èmi nìkan ló ti Áfíríkà wá. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò wò ó rí, òpó méjì ni, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan dábùú orí wọn. Ènìyàn á sáré, á yà bàrá, á fi ẹsẹ̀ kan talẹ̀, á wá yí ẹ̀yìn sí ọ̀pá. Ẹ̀yìn la fi ń kọjá lórí rẹ̀, ojú ọ̀run là ń wò, tìmùtìmù ńlá kan ló sì ń gbà wá lódìkejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbà fún ènìyàn lórí gíga kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ rẹ, aago á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, bí àsìkò bá tán kó o tó gbéra, àsíá pupa ni, ẹ̀ẹ̀kan ti lọ nínú mẹ́ta.

Wọ́n ń gbé ọ̀pá sókè, a ń fò, àwọn kan ń já. Ìgbà tó yá ó ku àwa mẹ́rin, àmì ẹ̀yẹ sì jẹ́ mẹ́ta. Wọ́n gbé ọ̀pá sí ibi tí mi ò dé rí láyé mi, díẹ̀ ló kù kó dé ibi tí ẹ máa ń gbé kọ́kọ́rọ́ lé. Àwọn méjì fò ó. Èmi àti ọmọbìnrin onírun pupa kan ti já a lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ku ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún wa, èmi ni màá kọ́kọ́ fò. Ìfò mi kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáa, gìgísẹ̀ lásán ló kàn án. Mo mọ̀ nínú ara mi pé màá fo ìkẹta.

Ọmọbìnrin onírun pupa yìí, bó bá ti fò tán, ṣe ló máa ń sùn gbalaja sórí koríko, á na ẹsẹ̀ gbọọrọ, á fi aṣọ bojú. Àwọn yòókù ń dá a kọjá bí ẹni ń dá gọ́tà kọjá. Èmi ni mò ń yí ọ̀nà orí rẹ̀ gbà, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó bi mí bóyá mò ń bẹ̀rù pé yóò bù mí jẹ ni. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Wọ́n pe orúkọ mi. Mo bọ́ aṣọ òtútù sílẹ̀. Ojú mi wà lára ọ̀pá, mò ń ka ìgbésẹ̀ tí màá gbé nínú ọkàn mi, mo rìn tààrà lọ síbi àmì tí màá ti gbéra, mo sì dá ẹsẹ̀ ọmọbìnrin yẹn kọjá. Mo ti dé ojú àmì kí n tó mọ ohun tí mo ṣe.

Aago ń sáré, gbogbo pápá ń pàtẹ́wọ́. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ òyìnbó ni, òfin wa ò dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì ti ga tán, ibo ló tún fẹ́ ga dé. Ara mi kọ̀. Mo wò ó níbi tó sùn sí pẹ̀lú aṣọ lójú, Káyọ̀dé ni mo rí lórí búlọ́ọ̀kù, tó di ojú pinpin, tó gbẹ́kẹ̀ lé mi. Mo yíjú, mo sáré padà. Mo dá a kọjá sẹ́yìn níbi tí mo ti gbà gan-an, mo wá yí ọ̀nà orí rẹ̀ gbà lọ sójú àmì mi. Kóòṣì mi ń ké lẹ́yìn ọgbà bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Bí mo ṣe fẹ́ gbéra báyìí, aago tán. Ọkùnrin tó mú àsíá gbé pupa sókè. Mi ò fo ìfò ìkẹta mi rárá.

Onírun pupa dìde, ó fò, ọ̀pá ò mì. Òun náà ò fo gíga yẹn rí. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, Màámi, ẹ máa ní ṣé mo ti wá rí i báyìí pé pípadà mi ló jẹ́ kó ga dé ibẹ̀. Ó wá dì mọ́ mi, ó ní òun gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kí ni mo gbàgbé síbẹ̀. Mo ní kò sí nǹkan, mo ti mú un.

Àwọn oníròyìn kọ ọ́ nílé pé àyà mi já. Àwọn kan ní ayé ló ṣe mí. Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá sọ fún mi lórí tẹlifóònù pé gbogbo pálọ̀ Bàbá Onítẹlifíṣọ̀n ló fò dìde, tí wọ́n ń bú mi pé irú òmùgọ̀ wo nìyí, tí Káyọ̀dé sì bọ́ síta. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ jókòó. Wọ́n ní ẹ fi ìbòrí yín bojú, èjìká yín sì ń mì. Nínú gbogbo èrò tó wo eré yẹn, ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ mọ ohun tí mo ṣe. Ìyẹn ló jẹ́ kí n láyà láti kọ lẹ́tà yìí.

Àmì ẹ̀yẹ náà dùn mí, mi ò ní purọ́. Ó dùn mí dé eegun. Àmọ́ òun kọ́ ló ń lé mi kiri yàrá. Mo padà fún ẹni tí mi ò lè pe orúkọ rẹ̀ gééré, níwájú gbogbo ayé, ó sì ná mi ní ohun tí mo ti ń wá láti ọmọ ọdún méjìlá. Ọmọ ìyá mi wà níwájú ilé wa, kò sẹ́ni tó ń wò wá, kò ní ná mi ní kọ́bọ̀, mi ò padà. Mi ò bá yín jiyàn bóyá fífò yẹn ló dá gíga Káyọ̀dé dúró àbí ẹ̀jẹ̀ Bàámi. Ẹ ní kí n padà, mo ní mo ti padà, mi ò padà. Ibẹ̀ ni mo ṣì dúró sí láti ọjọ́ yẹn, nínú yanrìn.

Mo ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́. Kí Kérésìmesì tó dé màá ti wà ní Ìgàndò, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Káyọ̀dé, jọ̀wọ́, tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀gá télọ̀ ni ọ́, o ti gba ọmọṣẹ́, mo sì gbọ́ nípa ọmọbìnrin Ẹ̀gbẹ́dá kan tí sùtánà rẹ̀ máa ń ya lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ojú bá ń tì ọ́, ti ilẹ̀kùn ìta. Ṣùgbọ́n sùn sílẹ̀ fún mi, ìṣẹ́jú kan péré. Ìrìn ni màá fi kọjá lọ́tẹ̀ yìí.

Olúwa á dá yín sí, Màámi. Ẹ ó jẹun ọmọ, ẹ ó jẹun ọmọ ọmọ. Àdúrà tí mo yọ orí mi lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ bá mi tọ́jú ìyókù rẹ̀ sọ́wọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ìjọ, ẹ kí Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá, ẹ kí àwọn tó bú mi ní pálọ̀, mi ò bá wọn bínú.

Lọ́jọ́ tí mo bá dé, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn lójú títì. Ẹ dúró ti ẹní náà. Bí mo bá sọ pé mo ti padà, ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ fi ojú ara yín rí i.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́.